Ìlà Tí Màámi Jókòó Tì

Bí ẹnikẹ́ni bá bi màámi léèrè pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, wọn a ní, "Ó máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á wá máa bínú sí i." Wọn kò purọ́ mọ́ mi. Iṣẹ́ áàpù fóònù ni mò ń ṣe fún ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn, àmọ́ ilé bàbá mi ní Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣe é, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá tí bàámi ti ń hun aṣọ òkè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, á lọ. Bí iná ọba bá lọ pẹ́, òun náà á tẹ̀lé e. Èmi tí mi ò ní sùúrù rárá ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí n wá bí áàpù wa ṣe máa fi ibi tí nǹkan dé han ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń falẹ̀.

Àwọn ahunṣọ àti àwọn oníbàárà wọn la ṣe áàpù náà fún. Ẹni tó hun aṣọ á ya fídíò rẹ̀, á fi ránṣẹ́, oníbàárà á sì wò ó láti ìlú tó bá wà, á sọ èyí tó wù ú. Fídíò kì í sì í ṣe nǹkan tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo gé e sí wẹ́wẹ́ kó lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀, mo sì fi ìlà aláwọ̀ ewé kan sójú fóònù. Bí èyí tó ti wọlé bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìlà náà á máa gùn sí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ìlà á dúró síbi tó dé, nígbà tó bá sì padà, ibẹ̀ náà ló ti máa tẹ̀síwájú.

Ìlà yìí dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀gá mi. Ó ní kí n jẹ́ kó máa sún nígbà gbogbo, kódà bí ohunkóhun ò bá wọlé. Ó ní bí àwọn èèyàn bá rí i pé nǹkan dúró, wọ́n á bínú, wọ́n á sì pa áàpù náà. "Ìtùnú ni," ó wí. Mo ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ohùn mi lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ká fi sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó tó dìgbà náà, mo fi èyí tí mo ṣe sórí fóònù bàámi àti ti ọkọ àbúrò mi, kí n lè máa dán an wò. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ tí àbúrò mi bímọ.

Àwa méjì péré ni màámi bí, èmi àti àbúrò mi obìnrin yìí. Ṣakí ló lọ́kọ sí. Ọkọ rẹ̀ máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ bàámi, á lọ tà á fún àwọn tó ń wọlé láti ẹ̀yìn bọ́dà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó pè mí pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó òun ní ọsibítù, ó sì ti bí ọkùnrin.

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n yọ̀, wọ́n kí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ fún un ní fóònù, kí n gbóhùn rẹ̀."

Ọkọ àbúrò mi ní, "Ara rẹ̀ le, mà. Ó ń sùn ni."

Mo rí i tí ojú màámi yí padà. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ míì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nínú "ó ń sùn" yẹn fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í ṣàdédé sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara rẹ̀ kò dá díẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á ní ara rẹ̀ ti ń yá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní ó ń sùn. Ìgbà tí ìyá bá rí i tí àwọn àgbàlagbà ń wọlé ní méjì méjì, tí wọ́n ń jókòó láìsọ nǹkan kan, ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá bàámi nìyẹn nígbà tí àbúrò bàámi ṣaláìsí. Màámi gan-an ni wọ́n sì rán sí màmá náà. Màámi ló jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n ń sọ fún wọn pé ọmọ ń sùn. Nítorí náà, màámi mọ ọ̀rọ̀ yẹn tinú tẹ̀yìn.

Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ṣakí lójú ẹsẹ̀. Bàámi lọ sí gáréèjì, àmọ́ wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi padà. Òjò alẹ́ àná ti gé afárá kan láàárín Otù sí Òkàkà, gbogbo mọ́tò tó lọ ló ń yí padà bọ̀. Àwọn ọlọ́kadà kan ń wá ọ̀nà gba inú igbó, ṣùgbọ́n orúnkún màámi ò gba irú ìyẹn, bàámi náà ò sì gbà. Èmi ò lè lọ kí n fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà yẹn. Bẹ́ẹ̀ la jókòó sójú kan.

Ní ọ̀sán, fọ́tò kan wọlé. Fọ́tò kò tóbi, kíá ló dé. Inú mi dùn débi pé mo sáré gbé e fún màámi kí n tó wò ó dáadáa. Àbúrò mi ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọmọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò mi di ojú, wọ́n sì fa aṣọ funfun bò ó títí dé ọrùn.

Màámi wò ó pẹ́. Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi di ìbàdí, wọ́n lọ jókòó nídìí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ká òwú, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Iṣu tí wọ́n sè láàárọ̀ wà nínú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Mo bú ara mi nínú ikùn mi. Bàámi bọ́ sídìí òfì, wọ́n hun díẹ̀, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọkọ àbúrò mi: "Ó ti jí. Ó ń béèrè Màámi." Mo kà á sókè. Màámi ní, "Ọwọ́ ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Mo fèsì sí ọkọ àbúrò mi pé Màámi kò jẹun láti àárọ̀, kí ó ya fídíò àbúrò mi níbi tó bá ti ń sọ̀rọ̀, kí ó fi ránṣẹ́ kíákíá. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi í ránṣẹ́ síbi tí gbogbo ayé ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn, fídíò náà sì dé orí fóònù mi bíi fọ́tò ṣíṣú kan, òbìrí kékeré ń yí láàárín rẹ̀. Ó ń yí. Ó ń yí. Mo gbé e lọ bá màámi, mo ní fídíò ló ń bọ̀ yìí, kí wọ́n fara balẹ̀.

Màámi wo òbìrí náà. Wọ́n ní, "Òwú ni wọ́n ṣì ń ká."

Iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ wa ni wọ́n ń sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé bàámi ni wọ́n ti ń yí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń ká òwú sílẹ̀ fún iṣẹ́. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yí, kò tíì sí aṣọ. Wọn ò tíì ta òwú kó nà gbọọrọ, wọn ò tíì gbé e sórí òfì, ìmúrasílẹ̀ lásán ni. Lójú tiwọn, ohun tó ń yí lórí fóònù mi ń sọ ohun kan náà: àwọn ará Ṣakí kò tíì fi ohunkóhun ránṣẹ́, wọ́n ṣì ń kó ohun tí wọ́n máa sọ fún màámi jọ.

Mo ní, "Màámi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń bọ̀."

Wọ́n ní, "Kí ló dé tó ń yí sójú kan?"

Mi ò tíì dáhùn tí wọ́n fi na ọwọ́, tí wọ́n fi ìka méjì tẹ àárín òbìrí náà. Bí wọ́n ṣe máa ń dá kẹ̀kẹ́ dúró nìyẹn bí òwú bá lọ́ pọ̀. Òbìrí dúró lóòótọ́. Fídíò náà sì pòórá nílẹ̀, gbogbo èyí tó ti wọlé di asán, àfi kí n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo jágbe mọ́ wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan yìí mọ́!" Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Mo dá a dúró ni. Ẹ yéé ká òwú fún mi. Bí ọmọ mi bá ti lọ, ẹ wí." Ohùn wọn kò ga rárá. Inú mi bàjẹ́ débi tí mi ò lè dúró níwájú wọn mọ́.

Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo rántí áàpù wa. Mo kọ̀wé sí ọkọ àbúrò mi pé kí ó gba ibẹ̀ fi fídíò náà ránṣẹ́, bó ṣe máa ń gba ibẹ̀ wo aṣọ. Ó ní ó dáa. Mo gba fóònù bàámi, mo ṣí i, mo sì ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tó ṣe, ìlà tín-ín-rín kan yọ lápá òsì, ó jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gùn díẹ̀.

Bàámi ló pe màámi. Wọ́n ní, "Ìyá wọn, ẹ wá wo èyí."

Màámi ò fẹ́ dìde. Bàámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n nawọ́ sí àgbàlá, níbi tí òwú iṣẹ́ wọn nà gbọọrọ láti ẹsẹ̀ òfì dé ìdí ògiri, pẹ̀lú òkúta ńlá tó dì í mú kó le. Bí aṣọ bá ṣe ń pọ̀ níwájú ẹni tó ń hun ún ni òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀. Kò sí oníbàárà kan ní àdúgbò wa tí í béèrè pé ìgbà wo ni iṣẹ́ máa parí. Wọ́n á kàn wo ibi tí òkúta dé, wọ́n á sì mọ̀ bóyá kí wọ́n dúró ni tàbí kí wọ́n lọ.

Bàámi fi ìka tọ́ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní, "Ibí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibí ni òkúta dé báyìí. Nígbà tó bá dé ibí, ọmọ yín á sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti ń hun ún?"

"Wọ́n ti ń hun ún."

Màámi gba fóònù. Wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n sì jókòó tì í.

Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ìlà á sún, á dúró, á tún sún bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Èmi ni mo ṣe é, mo mọ gbogbo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ mi ò lè jókòó. Mo jáde sí ìta, mo wọlé, mo wo ojú ọ̀run, mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó kọjá ìdajì. Bàámi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ni ìlà dúró, tí kò sì sún mọ́.

Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ yọ jáde. Màámi kò mọ̀wé, bàámi ló kà á fún wọn: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dúró. Ohun tó ti wọlé kò ní sọnù."

Mo rò ó pé ọ̀gá mi ló gbọ́n jù mí lọ. Ká ní mo ti ṣe é bó ṣe wí ni, ìlà náà ì bá máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ, màámi ì bá sì máa wò ó pẹ̀lú ìrètí. Kí ni ọgbọ́n àgbọ́njù mi fẹ́ ṣe fún wọn báyìí? Mo sún mọ́ wọn, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú kan sọ.

Màámi ní, "Ó ti dúró."

Mi ò rí irọ́ kankan mú. Mo ní, "Ó ti dúró, Màámi."

Wọ́n tún wò ó. Ó wá yà mí lẹ́nu, èjìká wọn rọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fẹ́ tàn mí kò ní jẹ́ kó dúró." Wọ́n yíjú sí bàámi. "Nígbà tí mò ń tan ìyá yín, mi ò dúró rárá. Gbogbo bí wọ́n bá ti ń béèrè ni mò ń dáhùn. Mi ò jẹ́ kí wọ́n mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, wọ́n á mọ̀."

Bàámi gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn màámi, ohun tí mi ò rí kí wọ́n ṣe níwájú mi rí.

Màámi béèrè omi. Wọ́n mu ún. Wọ́n gbé fóònù fún bàámi pé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n sì kírun Àsárì. Ara mi yá gágá. Mo gbé àga, mo gùn ún, mo fi fóònù náà sórí ògiri àgbàlá níbi tó ga jù, nítorí mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yà síbẹ̀. Nígbà tí màámi kírun tán, àwa mẹ́ta dúró sídìí ògiri, a gbójú sókè bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Aládùúgbò wa kan yọjú, ó béèrè ohun tí à ń wò. Màámi ní, "Ọmọ mi ni. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Mo ti sọ èyí fún ọ̀gá mi lẹ́yìn náà. Kò sọ nǹkan kan ju "hẹn-ẹn" lọ, ṣùgbọ́n kò bá mi fa ọ̀rọ̀ ìlà mọ́, bí mo sì ṣe ṣe é náà ló ṣì wà.

Ìlà sún. Ó tún sún. Nígbà tó kù fẹ́ẹ́rẹ́, màámi di apá mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára. Ó kún. Mo gbé fóònù sọ̀kalẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí lẹ́yìn rẹ̀, irun rẹ̀ ti tú lápá kan. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ là kedere. Ó ní, "Màámi, wọ́n ní ẹ ò jẹun. Kí lẹ ò jẹun fún? Èmi tí mo fẹ́ jẹun gan-an, wọn ò fún mi, omi lásán ni wọ́n ní kí n máa mu. Nọ́ọ̀sì ibí yìí burú o. Ẹ wo ọmọ yín, orí bàámi ló gbé wá." Ó gbé ọmọ sókè. Ọmọ náà yán.

Màámi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún lẹ́nu wọn, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. "Òun ni," wọ́n ń wí. "Kò sẹ́ni tó lè ráhùn báyẹn àfi òun." Bàámi ń fọwọ́ pa orí ara wọn. Ní tèmi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìgbóná ìrọ̀lẹ́, mo sì ń dúpẹ́. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ti wà nínú fóònù, kò tún nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan.

Iṣu tútù yẹn ni wọ́n gbé jáde pẹ̀lú epo, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti padà dáadáa, ọkọ àbúrò mi sì pè. Mo rìn sí ẹ̀yìn ilé láti bá a sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá Màámi ti rí fídíò. Mo ní wọ́n ti rí i. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí mo pè yín láàárọ̀, kò tíì jí. Ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀. Dókítà ò tíì sọ pé ó máa jí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún Màámi. Nígbà tí mo ya fọ́tò yẹn, èmi gan-an ò mọ̀ bóyá ó ṣì máa jí."

Mo padà sí àgbàlá. Màámi wò mí lójú. Wọ́n ní, "Kí ló sọ fún ọ?"

Mo jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bó ṣe sọ ọ́ fún mi.

Wọ́n jẹ iṣu ọwọ́ wọn tán. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Má bá a jà. Bí mo ṣe máa ṣe é náà nìyẹn. Pè é fún mi."

Mo pè é, mo gbé fóònù sí etí wọn. Wọ́n ní, "Àna mi, ẹ̀gbọ́n yín ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbé ẹrù yìí láti àárọ̀."

Mo dúró tì wọ́n, mo sì gbọ́ ohun tí mi ò retí láti ọ̀dọ̀ èèyàn jẹ́jẹ́ yẹn. Ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì lè sọ̀rọ̀. Màámi ò ní kó dákẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé fóònù mọ́ etí, wọ́n sì ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ sun ẹkún yín. Mo wà níbí. Ẹ sun ún."